Kí Ni Orin Náà Ń Ṣe? Ojúbọ Fẹlá ní Ìkẹjà àti Bí A Ṣe Ń Túmọ̀ Orin

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́: kí ni ìtumọ̀ orin yìí nípa ti ẹ̀mí? Ẹnì kan á ní orin òkùnkùn ni, kí á yáa pa á kúrò lórí fóònù. Ẹlòmíràn á ní orin lásán ni, ẹ jẹ́ ká jó o jàre. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ìjà dé nìyẹn. Apá kan á ní abọ̀rìṣà paraku ni, pé ẹni tó bá ń gbọ́ orin rẹ̀ ń bá a bọ nǹkan tí kò mọ̀. Apá kejì á ní olóṣèlú ni, pé ìjọba ológun ló ń bá jà, pé gbogbo ẹfun tó ń kùn sójú kò ju ẹ̀ṣọ́ orí ìtàgé lọ.

Lójú tiwa, ibì kan náà ni apá méjèèjì ti kùnà: ọ̀rọ̀ orin nìkan ni wọ́n ń wò. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà, ní àyíká Allen Avenue, kọ́ wa pé ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú. Kí a tó bi ara wa pé kí ni orin náà ń sọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè pé kí ni orin náà ń ṣe. Níbo ni wọ́n ti kọ ọ́? Ta ló ń gbè é? Kí ló wà níwájú wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́?

Ojúbọ ní òpópónà Pepple

Bí ẹ bá ti lọ tún fóònù ṣe ní Computer Village rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gba òpópónà Pepple kọjá láìmọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí fóònù tó gba àdúgbò náà, Africa Shrine ti Fẹlá wà níbẹ̀.

Shrine kò bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà. Afro-Spot ni Fẹlá kọ́kọ́ ń pe ilé ijó rẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ló yí orúkọ náà padà sí Africa Shrine, nígbà tó wà ní Empire Hotel, ní Ìdí-Orò, Muṣin. Ilé rẹ̀ tó pè ní Kalakuta Republic kò jìnnà síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì Agége Motor Road ló wà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà ya bo ilé náà, wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n ju ìyá Fẹlá láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé. Lẹ́yìn èyí ni Fẹlá kó wá sí Ìkẹjà. Shrine tuntun bọ́ sí Pepple, òun fúnra rẹ̀ sì wá ń gbé ní òpópónà Gbemisola, tó ya láti Allen Avenue.

Ẹ wo Allen ìgbà náà dáadáa. Títì àwọn tó rí já jẹ ni, títì ìṣọ̀ ńláńlá, báńkì, ilé oúnjẹ àti fàájì alẹ́. Láàárín olówó àti oníṣòwò wọ̀nyẹn ni ọkùnrin kan ti ń gbé tó ń sọ pé ojúbọ ni ilé ijó òun, tí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà. Pẹpẹ kan wà nínú Shrine. Àwòrán Kwame Nkrumah wà níbẹ̀, ti ìyá Fẹlá náà sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó kú. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni Yabis Night, níbi tí ó ti ń fi ìjọba àti àwọn tó wá wòran ṣe yẹ̀yẹ́. Alẹ́ Sátidé ni ti ìbọ, tí ó máa ń lọ síwájú pẹpẹ láti júbà. Ìyẹn ni pé ibi tó ti ń bú ìjọba náà ló ti ń júbà fún àwọn tó ti lọ, ẹsẹ̀ pẹpẹ kan náà sì ni.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àwa tí a ń gbọ́ Fẹlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò kà sí. Bí Fẹlá bá ti gbé orin kan jáde nínú àwo, kì í sábà kọ ọ́ mọ́ ní Shrine. Àwọn tó ń lọ sí Pepple ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ti bá a gbè é fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọdún, kí ó tó wọ àwo. Tó bá ti wọ àwo, ó parí. Nítorí náà, àwo tó wà lọ́wọ́ wa lónìí dà bí eérú ibi tí wọ́n ti dáná. Eérú náà ń sọ fún wa pé iná jó níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú wa móoru bí iná náà ṣe mú àwọn tó yí i ká móoru. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ẹ̀mí orin Fẹlá láti inú àwo nìkan gbọ́dọ̀ rántí èyí.

Bàbá bàbá rẹ̀ àti ohùn ọ̀rọ̀

Inú ilé àlùfáà ni ìtàn yìí ti wá. Bàbá tó bí bàbá Fẹlá ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ẹni tí wọ́n bí ní 1855 tó sì kú ní 1930. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni ní Abẹ́òkúta, orin ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n jù. Ní 1922, nígbà tó wà ní London, ó kọ orin Yorùbá tó ju 40 lọ sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ó wà lára àwọn Yorùbá àkọ́kọ́ tí ohùn wọn wọ inú àwo.

Kí ló dé tí orin rẹ̀ fi wọ àwọn èèyàn lára? Àwọn míṣọ́nnárì ti túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n sì fi wọ́n sínú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì láìyí ohùn náà padà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn ń dá sílẹ̀ ní èdè wa. Ohùn ló ya ọ̀run, níbi tí àwọn áńgẹ́lì wà, sọ́tọ̀ kúrò lára ọrùn, ibi tí a ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Bí orin bá gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó rẹlẹ̀, ìjọ á máa fi gbogbo ọkàn kọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ kò ní lọ́kàn. Ransome-Kuti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohùn orin ìbílẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ Kristi, kí ọ̀rọ̀ àti ohùn lè jọ máa lọ. Ekundayo Phillips, tó lu dùùrù ní Kàtídírà ìjọ Kristi ní Èkó láti 1914 dé 1962, wá kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953, ó sì fi ọ̀rọ̀ ohùn yìí ṣe kókó.

Ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n kan mú níbẹ̀. Ohùn ìbílẹ̀ tí Ransome-Kuti mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì ti wà nínú odò orin Yorùbá kó tó di pé ìgbàgbọ́ dé. Bí ẹ̀mí bá ń gbé inú ohùn, tí ó sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi, nígbà náà gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ti gba àlejò tí wọn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa gbà pé nígbà tí ìjọ gba ohùn náà, tí wọ́n ń gbè é níwájú pẹpẹ tiwọn, orin náà ti di ti ìjọ. Ó túmọ̀ sí pé ibi àti ègbè ló ń yan ẹ̀mí fún orin. Bí a bá lè gba èyí fún bàbá bàbá, ẹ jẹ́ ká gbà á fún ọmọ ọmọ náà.

Ìyá rẹ̀ àti orin ní ẹnu ọ̀nà ààfin

Ìyá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, lo orin lọ́nà mìíràn. Láàárín ọdún 1947 sí 1949, òun àti àwọn obìnrin Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta dìde sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Wọ́n dó sí iwájú ààfin Aláké, wọ́n ń kọrin. Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1949, kó tó padà wá lẹ́yìn náà. Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ ọmọdé ní Abẹ́òkúta nígbà náà, tó sì jẹ́ ìbátan Fẹlá, sọ ìtàn rògbòdìyàn yìí nínú ìwé rẹ̀ *Aké*, tó jáde ní 1981.

Orin àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, ṣé ti òṣèlú ni àbí ti ẹ̀mí? Ọba Yorùbá kì í ṣe olóṣèlú lásán. Èkejì òrìṣà là ń pè é. Kí ogunlọ́gọ̀ ìyá máa kọrin èébú sí ọba ní ẹnu ọ̀nà ààfin rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó orí nìkan kọ́ nìyẹn mọ́. Ohun tí ẹnì kan ò lè sọ lójú ọba, ègbè lè kọ ọ́ lórin. Bí ó bá di orin, kò ní olówó mọ́. Ìlú ló ni ín. Ọwọ́ ìyá yìí ni Fẹlá dàgbà sí, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọba ń fi ìtẹ́ sílẹ̀, nítorí pé 1938 ni wọ́n bí i.

Omi

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọ̀nà yìí wo orin kan. Ní 1975, Fẹlá gbé *Water No Get Enemy* jáde. Yorùbá tó bá gbọ́ àkọlé yẹn mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: òwe wa ni, omi ò lọ́tàá, tí ó wọ aṣọ Pijin.

Àwọn tó ń wá ẹ̀mí nínú ọ̀rọ̀ á sọ pé Ọ̀ṣun ni tàbí Yemọja. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun á rántí omi ìyàsímímọ́. Mùsùlùmí á rántí omi àlùwàlá tó ń ṣáájú ìrun. Ẹni tó ń wo ìṣèlú á ní àwọn mẹ̀kúnnù ni omi, pé ẹni tó bá bá wọn jà ń bá ohun tó ń mu jà. Èwo ló tọ̀nà nínú wọn?

Èrò tiwa ni pé òwe kì í ṣe àdììtú tó ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Ẹṣin ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá gùn ún ló ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ tí orin yẹn ṣe ni pé ó kó gbogbo àwọn wọ̀nyí jọ sídìí omi kan náà, láìbi ẹnikẹ́ni pé níbo ló ti ń jọ́sìn. Ní ìlú tí ẹ̀sìn ti ń yà wá nípá, iṣẹ́ ẹ̀mí ni ìyẹn, yálà a rí orúkọ òrìṣà nínú rẹ̀ tàbí a kò rí i.

Pósí

Fúnmiláyọ̀ kò bọ́ nínú ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1978. Ìwádìí ìjọba ti sọ pé ṣọ́jà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló sun Kalakuta. Ní òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún 1979, bí ìjọba ológun ṣe ń palẹ̀ mọ́ láti gbé àṣẹ fún alágbádá, Fẹlá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé pósí kan lọ sí Dodan Barracks, níbi tí olórí ìjọba wà. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀rọ̀ yìí kọ *Coffin for Head of State*.

Orin yìí ni àwọn ọ̀rẹ́ wa kan máa ń tọ́ka sí pé Fẹlá ń fi ẹ̀sìn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ó mú ìpè àdúrà ti ọmọ ìjọ àti ti Mùsùlùmí wọ inú rẹ̀, ó sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ìwà ìkà àwọn tó ń ṣe ìjọba. *Shuffering and Shmiling* tó jáde ní 1978 ti bá àwọn onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí wí ṣáájú, pé wọ́n ń fara da ìyà ayé yìí nítorí ìlérí ọ̀run. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ nìkan, ó rọrùn láti pè é ní ọ̀tá Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n kí ni pósí ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà? Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan: ó kú sí i lọ́rùn. Bí ẹnì kan bá fa ikú ẹlòmíràn, ikú náà á so mọ́ ọn lọ́rùn títí yóò fi jíhìn. Òkú kì í lọ sinmi nígbà tí ẹni tó pa á ń rìn kiri bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí ìwádìí sọ pé kò sí ẹni tó ṣe é, ẹjọ́ ayé ti parí. Pósí yẹn ló tún un gbé dìde ní ilé ẹjọ́ mìíràn. Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa ohùn: lọ́run àti lọ́rùn. Àwọn oníwàásù ń sọ fún ọmọ ìyá tó kú pé ìyá rẹ̀ wà lọ́run. Fẹlá dáhùn pé ó wà lọ́rùn ẹnì kan.

Bí a bá wò ó báyìí, orin náà kì í ṣe orin aláìgbàgbọ́. Ọkùnrin tí kò gbà pé òkú ní ẹ̀tọ́ kò ní gbé pósí lọ síbi kankan. Ọmọ tó ń ṣe ojúṣe rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ni, ó sì bínú sí àdúrà tí wọ́n fi ń bo òkú mọ́lẹ̀. Ẹ lè má fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kò sí níbẹ̀, ẹ kò sì lè ya ìṣèlú rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kí nǹkan kan tó ní láárí ṣẹ́kù.

Ní Agége ńkọ́?

Kí a má rò pé Fẹlá nìkan ni ọ̀nà yìí bá mu. Ní agbègbè yìí kan náà, Ebenezer Obey, tí wọ́n bí ní Ìdógo ní 1942, fi jùjú ṣe gbajúmọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òde ìnáwó ni orin rẹ̀ ti ń dún, níbi tí wọ́n ti ń ná owó mọ́ ọn lórí. Àdúrà àti orúkọ Ọlọ́run kún inú orin náà, bẹ́ẹ̀ sì ni oríkì àwọn olówó. Ní ọdún 1992, ó yà sí iṣẹ́ ìhìnrere, ó sì dá ìjọ Decross sílẹ̀ ní Agége. Ọ̀rọ̀ àdúrà kan náà tí ó ń kọ lójú agbo di èyí tí ìjọ ń dá lóhùn pẹ̀lú ojú dídì. Ọ̀rọ̀ kò yí padà. Ibi àti ègbè ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ó ń gbé ẹni tó ṣe ìnáwó ga. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń rẹ olórin fúnra rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí ìtumọ̀ ti lè pani

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé à ń sọ pé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pepple dára. Ní 1981, Fẹlá mú pidánpidán ará Gánà kan tí wọ́n ń pè ní Professor Hindu wá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì yọwọ́ nígbà náà. Bó ṣe ń bá àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ lò náà wà nínú ohun tí a gbọ́dọ̀ máa sọ láìfi bò. Pé ibì kan jẹ́ ojúbọ kò sọ ẹni tó ni ín di ẹni mímọ́.

Èyí tó dùn wá jù ni ti orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1975, ó pa Ransome rẹ́, ó fi Aníkúlápó dípò, ẹni tó ní ikú nínú àpò. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ, ó dára: ọkùnrin tí ṣọ́jà lù títí tí kò kú, tó sì tún ń kọrin. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ wà tí wọ́n gbọ́ ọ bí ìlérí pé ikú kò ní mú un. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dókítà Ọlikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jáde sọ fún gbogbo ayé pé àìsàn tí AIDS fà ló pa á. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ní Nàìjíríà ṣì ń sọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí dókítà yẹn sọ lójú ọ̀fọ̀ gba ẹ̀mí là ju gbígbàgbọ́ pé orúkọ lè dá ikú dúró lọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ orin kì í fi ṣe eré lásán fún àwa ọ̀dọ́. Ẹni tó bá sọ oríkì di oògùn lè kú sínú ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì sọ gbogbo orin àgbà di iṣẹ́ èṣù á sọ ọgbọ́n ìran rẹ̀ nù, kò sì ní gbọ́ ẹjọ́ tí òkú ń rò.

Ohun tó kù

Wọ́n tẹ́ Fẹlá ní ìtẹ́ ẹ̀yẹ ní Tafawa Balewa Square, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì tẹ̀ lé e dé Ìkẹjà. Iwájú ilé rẹ̀ ní Gbemisola ni wọ́n sin ín sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997. Ilé náà di Kalakuta Museum ní 2012. Ẹ lè rìn débẹ̀ láti Allen. Fẹ́mi àti Yẹ́ni, àwọn ọmọ rẹ̀, ṣí New Afrika Shrine ní Agidingbi ní ọdún 2000. Ní oṣù Keje ọdún 2018, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, wá síbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àríyànjiyàn bá tún bẹ̀rẹ̀ lórí orin tuntun kan, tí wọ́n ń bi yín bóyá ti Ọlọ́run ni tàbí ti òkùnkùn, ẹ má kọ́kọ́ máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń gbè é, àti pé lẹ́yìn tí ègbè náà bá ti gbè é tán, ọrùn ta ló wúwo sí i, ọrùn ta ló fúyẹ́. Ní Pepple, ọrùn àwọn alágbára ló wúwo. Ó yẹ kí a lè sọ ti orin tiwa náà.